Wọ́ṣà Kan Láàárín Èmi àti Bàbá Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé mo fi nǹkan pamọ́: obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, mo bí ọmọ méjì, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń gun alùpùpù. Kì í ṣe pé mò ń jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà o. Èmi gan-an ni mò ń gùn ún. Máṣíìnì pupa ni, ńlá báyìí, tó jẹ́ pé bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀ ní àdúgbò wa ní Fort Washington, nílùú òyìnbó níbí, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé lódìkejì á pa ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko, á dúró wò mí. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ti gbàdúrà lé mi lórí títí ó fi sú wọn. Ọkọ mi ní òun ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, bó bá sì délé, á gba ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì náà kọjá nínú gáráàjì bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kò jìnnà. Ogójì ọdún ni bàbá mi fi tún máṣíìnì ṣe n'Íbàdàn. Inú ariwo yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo ti mọ òórùn bẹntiróòlù kí n tó mọ òórùn ọṣẹ. Níbí, yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn dókítà tó ń to egungun, aago méje òwúrọ̀ la sì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè ọdún tí mo fi jókòó sínú mọ́tò lójú ọ̀nà Indian Head, tí ọkọ̀ ò rìn, tí mò ń kanra mọ́ rédíò. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lórí máṣíìnì, irun funfun ń yọ lábẹ́ àṣíborí rẹ̀. Mo lè búra pé ó jù mí lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì àwọn tó fẹ́ kọ́ máṣíìnì gígùn. Nígbà tí mo gba láísẹ́ǹsì tán, tí mo gun tèmi jáde, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin nínú àṣíborí, ohùn mi sì ń dún padà sí mi létí bí ìgbà tí èèyàn bá ń kọrin ní balùwẹ̀.

Bàbá mi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Mi ò tíì sọ fún wọn. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gáráàjì pé àwọn ń wá ibi tí àwọn máa sá aṣọ ìnura sí, wọ́n bá rí i. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n fọwọ́ kan táǹkì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ́ńjìnnì. Mo dúró lẹ́yìn wọn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

"Ta ló ni máṣíìnì yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Kò mọ̀ ọ́n gùn, sà."

Wọ́n jókòó sórí àga oníke tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n tà á. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní ní gbogbo ogójì ọdún táwọn fi wà nídìí iṣẹ́, máṣíìnì tó bá ní jàǹbá máa ń padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó gùn ún ni kì í padà wá. Ìdajì yòókù ọ̀rọ̀ yẹn ni èmi ń rí níbi iṣẹ́: ẹni tó gùn ún ni wọ́n máa ń gbé wá bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì, máṣíìnì rẹ̀ ni a kì í rí. Láàárín èmi àti bàbá mi, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wa nípa jàǹbá.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn máṣíìnì náà. Ṣé kí n parọ́ ni? Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní, Bàbá, èyí kì í ṣe irú tayé ìjọ́hun. Mo ṣàlàyé bíréèkì rẹ̀ fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ABS: bí ẹ̀rù bá ba èèyàn tó fa bíréèkì le lójú òjò, táyà ò ní há, kò ní yọ̀, torí kọ̀ǹpútà kékeré kan á máa tú bíréèkì sílẹ̀, á tún máa dì í mú, kíákíá, kíákíá. Wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

"Ta ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé táyà fẹ́ há?"

Kò yẹ kó yà mí lẹ́nu, ìbéèrè mẹ́káníìkì nìyẹn. Mo fi sẹ́ńsọ̀ hàn wọ́n lẹ́sẹ̀ iwájú. Nǹkan dúdú kékeré ni, kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, bóòtì kan ni wọ́n fi dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́ọ̀kì, irin méjì tó gbá ẹsẹ̀ iwájú mú. Òrùka irin kan wà tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, tó ń bá táyà yí níwájú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ á máa ka àwọn ihò yẹn bí wọ́n ṣe ń kọjá, ibẹ̀ ló ti ń mọ bí táyà ṣe ń sáré tó. Bàbá fi àtàǹpàkò nu orí sẹ́ńsọ̀ náà. Wọ́n ní ó dáa, bó bá jẹ́ ohun tó ń ṣọ́ mi nìyẹn, àwọn gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ gun máṣíìnì náà mọ́.

Ẹ wá wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Nígbà tó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n padà sílé, táyà iwájú jẹ tán. Mo tú ẹsẹ̀ iwájú fúnra mi, mo gbé e lọ fún àwọn tó ń pààrọ̀ táyà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ìdọ̀tí máa ń bí mi nínú. Nígbà tí mo gbé e délé, mo tú òrùka oníhò yẹn náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, mo fi gọ́ọ̀sì, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń di ojú egbò, nu ibi tó jókòó lé títí ó fi ń dán, mo sì dè é padà. Ìgbà tí mo wá ń ti ẹsẹ̀ náà sáàárín fọ́ọ̀kì, ó fún wáyà sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọ́ "kẹ̀". Wáyà já.

Bí iná ABS ṣe ń ṣe nìyí: bí èèyàn bá ti yí kọ́kọ́rọ́, á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, bí máṣíìnì bá ti ń lọ, tó ti ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ díẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sì gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ dáadáa, á kú. Láti ọjọ́ yẹn kò kú mọ́. Mo rò pé màá rí i fi pamọ́ títí sẹ́ńsọ̀ tuntun á fi dé. Ta ló ń fi nǹkan pamọ́ fún mẹ́káníìkì? Wọ́n ní kí n fi táyà tuntun náà yí àdúgbò ká kí àwọn rí i. Bí mo ṣe dé, wọ́n na ọrùn wo dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Iná wo nìyẹn?"

Mo sọ òtítọ́. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ajé kejì sí ìsinsìnyí ni mò ń lọ. Bí iná yẹn ò bá kú lójú èmi kí n tó wọ bàálù, wàá tà á."

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo dáhùn.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín mi. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ṣebí èmi ni mo ni máṣíìnì mi. Mo ní èmi ni mo ni ín, bàbá mi ló sì ni mí. Kò yé e, mi ò sì dá a lẹ́bi, ibí ni wọ́n bí i sí. Bí bàbá mi bá ní kí n tà á, màá tà á, màá sunkún, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí sẹ́ńsọ̀ tí mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ẹni ń retí físà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹnu ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Àárọ̀ Sátidé, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ, ló tó dé. Oṣù kẹwàá ni, ewé igi ti pọ́n, Bàbá wọ súwẹ́tà méjì lé bùbá. Inú mi ń dùn ṣáá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò. Mo ti fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá na ọwọ́.

"Fún mi ní sípánà nọ́ńbà mẹ́jọ, Nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń pè mí bí inú wọn bá dùn. Mo fún wọn. Ojú wọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n díẹ̀ bí wọ́n bá mú ife tíì, ṣùgbọ́n bí sípánà ṣe bọ́ sí ọwọ́ yẹn, gbígbọ̀n tán. Wọ́n tú ti àtijọ́, wọ́n nu ojú ibẹ̀, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n tọ wáyà rẹ̀ gba inú gbogbo ibi tó yẹ kó gbà. Wọ́n ní wáyà ò gbọ́dọ̀ le, kò sì gbọ́dọ̀ máa jù fìrìfìrì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń wò wọ́n. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti fi jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n tí èdè rẹ̀ ń sáré jù fún wọn, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń pa wọ́n bí ebi. Inú mi dùn sí i débi pé omi lé sí mi lójú.

Wọ́n gbá táyà yí. Wọ́n dorí kodò, wọ́n kọ etí sí i. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tún gbá a yí. Wọ́n wò mí, wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Mo rò pé ọ̀fun ló ń yún wọn. Wọ́n wá tú bóòtì sẹ́ńsọ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú wọ́ṣà kan jáde, irin pẹlẹbẹ roboto kékeré tó ní ihò láàárín, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ti ń ṣà nílẹ̀ gáráàjì wa láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Wọ́n fi wọ́ṣà náà sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti irin tó jókòó lé, wọ́n sì dè é.

"Ohun tó ń yí gbọ́dọ̀ ní àyè tó fi ń mí," ni wọ́n sọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i. Mo ti ka ìwé máṣíìnì náà bí ẹni ń ka Sáàmù. Ìwé ní àlàfo tó wà láàárín orí sẹ́ńsọ̀ àti òrùka oníhò ò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ò ní rí ihò kà. Wọ́ṣà yẹn nìkan á ju mìlímítà kan lọ. Ní yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ti dá dókítà ńlá dúró rí, mo ní ẹ má gbé e, kò mọ́. Níwájú bàbá mi, nídìí iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, mi ò rí ẹnu. Ta ni yóò sọ fún wọn pé wọn ò mọ̀ ọ́n dè? Mo mi orí, mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà.

Mo sọ máṣíìnì kalẹ̀, mo gùn ún jáde. Bí mo ṣe kọjá ilé kejì, iná kú. Mo rò pé ṣé bí ìwé ṣe ń purọ́ nìyí. Kí n tó dé ilé kẹrin, ó ti tàn padà, kò sì kú mọ́ títí mo fi yípo dé.

"Ó kú?" Wọ́n ti dìde lórí àga.

"Ó kú, sà. Ó tún jí."

Mo wọ ilé ìdáná lọ mu omi, inú ń bí mi burúkú. Inú ń bí mi sí wọ́ṣà, sí ara mi, sí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo rí i pé bí mo bá dákẹ́, mo ti ta máṣíìnì mi nìyẹn. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, mo ti bu bàbá mi kù nílé ara mi nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n lọ. Mo ronú, mo wá rí ọ̀nà kan. Mo mú gééjì jáde láti inú àpótí irinṣẹ́, àwọn irin pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n so pọ̀, tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nínípọn tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi èyí wọn àlàfo."

"Láyé tiwa, páálí ìṣáná la fi ń wọ̀n ọ́n," ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. Wọ́n ti irin kan bọ àlàfo náà, àlàfo fẹjú jù ú lọ. Wọ́n pa méjì pọ̀, ó ṣì ń mì. Wọ́n pa mẹ́ta pọ̀ kó tó fún. Wọn ò rí nọ́ńbà tó wà lára irin kà, èmi ni mo kà á, mo rò ó pọ̀.

"Mìlímítà méjì, ó lé díẹ̀, sà."

"Ìwé ní mélòó?"

"Ọ̀kan àti ààbọ̀, sà. Kó má jù bẹ́ẹ̀."

"Wọ́ṣà yẹn ni."

"Ó lè jẹ́ òun ni, sà."

"Má bá mi ṣe ó lè jẹ́. O rí mi nígbà tí mò ń fi í sí i?"

"Mo rí yín, sà."

"O sì ní ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi ń wúkọ́. Èmi náà ò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n yọ wọ́ṣà náà, kí n gbá táyà yí, kí n wá sọ ohun tí mo gbọ́. Mo yọ ọ́, mo gbá a yí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n mú sukudíráfà gígùn kan fún mi, wọ́n ní kí n fi ẹnu rẹ̀ kan fọ́ọ̀kì, kí n fi ìdí rẹ̀ sétí, bí mo ṣe máa ń fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò gbọ́ àyà aláìsàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo di ojú.

Ṣìì. Ó dákẹ́. Ṣìì. Ó dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré nínú gbogbo yíyí kan, nǹkan ń ha nǹkan. Lórí àga, láìfi nǹkan kan sétí, ni bàbá mi ti gbọ́ ohùn yìí.

"Ibì kan wà lára òrùka yẹn tó yọ síta, tó ń ha orí sẹ́ńsọ̀," ni wọ́n sọ. "Ìdí tí mo fi fún un láyè nìyẹn."

"Ẹ ti mọ̀ látàárọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo sì mọ ohun tó fà á. Tú u, kí ìwọ náà rí i."

Mo yọ ẹsẹ̀ náà kúrò, ọwọ́ mi ń yá débi pé mo já sípánà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bóòtì márùn-ún ló de òrùka náà. Mo tú wọn tán, mo gbé òrùka kúrò. Gọ́ọ̀sì ni mo bá lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo gé kékeré tí mo fi nu ibẹ̀, ó ti ká jọ, bóòtì ti fún un pẹlẹbẹ, kò ju èékánná lọ, fọ́nrán funfun kan péré ló yọjú síta. Òun ló gbé ẹ̀gbẹ́ kan òrùka náà sókè.

Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an. Ẹ rántí ohun tí mò ń ṣe jẹun. Kí dókítà tó rán ojú ibi tó là lára aláìsàn, èmi ni mo máa ń ka gọ́ọ̀sì. Bí ó bá ku ẹyọ kan tí a ò rí, ẹnikẹ́ni ò ní jáde ní yàrá yẹn, àtọ̀gá àtọmọṣẹ́. Ọdún méjìlélógún, mi ò gbàgbé ẹyọ kan rí sínú ẹnikẹ́ni. Inú máṣíìnì ara mi ni mo wá gbàgbé rẹ̀ sí, tí mo sì dè é mọ́lẹ̀ gbọin.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ìwọ náà, kí ló dé tí o ò sọ ti wọ́ṣà?" Wọ́n gba gọ́ọ̀sì náà, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. "Mo rí fọ́nrán funfun yẹn nígbà tí mo dorí kodò. Mo ní kí n sọ ọ́, mo tún ní rárá. Ilé ọmọ mi nìyí, òun ló ń bọ́ mi, mi ò ní wá dé ibí kí n máa sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ́. Mo bá ní kí n fi wọ́ṣà bò ó."

Èmi ń bọlá fún wọn, àwọn ń bo àṣírí mi, bíréèkì wá wà láàárín àwa méjèèjì, kò rí ẹni sọ òtítọ́ fún un. A tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n ló kù díẹ̀ kí ọ̀wọ̀ gbé mi kọ lu igi. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, ẹ̀rín ò sí nínú ẹ̀ mọ́.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, a ò sì tijú láti sọ̀rọ̀ síta mọ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ìyẹn. Wọ́n ní má da tìẹ rú, wo ọwọ́ ẹ. Mo nu ibẹ̀, mo ka gọ́ọ̀sì sókè kí wọ́n gbọ́: méjì wọlé, méjì jáde. A de òrùka padà, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, kó lè jókòó dọ́gba. A fi sẹ́ńsọ̀ sí i láìsí wọ́ṣà. Wọ́n ń yí táyà díẹ̀díẹ̀, èmi ń fi gééjì wọn àlàfo níbi mẹ́fà yíká: ó dín díẹ̀ ní mìlímítà kan, ọ̀kan náà ni níbi gbogbo. Wọ́n kọ etí sí i. Kò sí ìró kankan. Wọ́n ní kí n fún bóòtì sẹ́ńsọ̀ níwọ̀nba, pé ike ni, kì í ṣe ọ̀tá mi. Inú mi ń dùn, mi ò lè pa á mọ́ra, mò ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ orin ẹgbẹ́ akọrin.

"Ẹ jókòó, sà, ẹ jẹ́ kí n yípo kí n wá sọ fún yín."

"Lójú èmi ni mo wí," ni bàbá mi dáhùn. "Mú àṣíborí kejì wá."

Wọn ò gbà láti bọ́ fìlà. Orí fìlà la fi àṣíborí lé, mo so ó mọ́ wọn ní àgbọ̀n. Wọ́n gun ẹ̀yìn mi láìjẹ́ kí n ran àwọn lọ́wọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná tàn, lẹ́tà mẹ́ta ABS yẹn ń wò wá. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ tí àgbọ̀n àṣíborí wọn kan èjìká mi, wọ́n ń yọjú wò ó. Ilé kìíní. Ilé kejì, iná kú. Ilé kẹrin, kò jí. A jáde sí ojú títì, a kọjá iná ọ̀nà, mo fi kún eré, kò jí. Mi ò lè dárúkọ ayọ̀ tó wà nínú mi, ó ń ti àyà mi bọ̀ títí dé ìka ọwọ́. Mi ò yà padà sílé. Mo forí lé ọ̀nà odò, igi pupa lọ́tùn-ún, igi pupa lósì, bàbá mi lẹ́yìn mi.

Ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nítòsí odò Potomac ní òkúta wẹ́wẹ́ lápá kan. Bí a ṣe wọ ibẹ̀, wọ́n pariwo sí mi létí pé, "Fa á." Mi ò sáré púpọ̀, mo fa bíréèkì le. Ọwọ́ bíréèkì gbọ̀n rìrì lábẹ́ ìka mi, táyà ò há, máṣíìnì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bọ́ àṣíborí, fìlà wọn ti wọ́. Wọ́n wo odò, wọ́n wo máṣíìnì, wọn ò wò mí.

"Mo fẹ́ kí o tà á," ni wọ́n sọ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i ni mo ti ń wá ohun tí màá rí mú lára ẹ̀. Ìgbà tí iná yẹn tàn, inú mi dùn, Nọ́ọ̀sì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láàárọ̀ yìí, mo lè fẹnu mọ́ gọ́ọ̀sì yẹn títí di ọjọ́ Ajé. Iná á máa tàn, wàá tà á, màá sì rí oorun sùn nínú bàálù. Ó wà lọ́kàn mi, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò parọ́ mọ́ máṣíìnì rí." Wọ́n gbé ọwọ́ lé táǹkì, ó ṣì gbóná. "Èyí dára. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù náà ò sì ní tán títí màá fi kú, ṣùgbọ́n ó dára. Máa gùn ún."

Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn pẹ̀lú àṣíborí lórí. Tọkọtaya kan tó mú ajá wọn rìn kọjá dúró wò wá. Bàbá gbé ọwọ́ lé orí àṣíborí náà, wọ́n gbàdúrà, àdúrà gígùn, mo ń ṣe àmín, mo ń sunkún, ojú àṣíborí ń di kùrukùru. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n gun ẹ̀yìn mi, wọ́n ní kí n rọra o, kí n rọra gan-an.

Mo rọra. Mo rọra títí a fi jáde láàárín igi, tí ọ̀nà là gbooro níwájú wa, tí kò sí ọkọ̀ kankan. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti fọwọ́ gbá mi léjìká lẹ́ẹ̀mejì, pé kí n fi kún eré díẹ̀.